Ọmọ Ayò Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Babáfẹ́mi

Nígbà tí Babáfẹ́mi Ládélé ṣì jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ìrọ̀lẹ́ kì í bá a nílé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Jeremiah gbẹ́nàgbẹ́nà ni ẹ ó ti rí i, tó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, tó ń ta ayò, tó ń fi ọ̀pẹ tí kò mọ ayò í ta ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọdún 1996, wọ́n sì gbé Babáfẹ́mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Adó. Àpò ìrẹsì ni wọ́n fi ń kó fáìlì wọlé láti Àkúrẹ́. Èèyàn mẹ́ta ń pín àga méjì. Ọ̀gá wọn ní ẹni tó bá fẹ́ kí Èkìtì dúró kò gbọdọ̀ jókòó, Babáfẹ́mi sì gbà á gbọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́. Ọjọ́ Sátidé pàápàá, ó ń gbé fáìlì wálé.

Jeremiah dá a dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan.

“Babáfẹ́mi, ṣé ayò ṣẹ̀ ọ́ ni?”

“Àgbàlagbà tó ní uṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ṣeré ọmọdé.”

“Kì í ṣe ọmọdé ló gbẹ́ ọpọ́n,” ni Jeremiah wí. Babáfẹ́mi ti kọjá lọ.

Kò pẹ́ tí ìwé tó ń kọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ó ju bírò nù, ó ra òmíràn. Ìyẹn náà ń wọ́. Ife tíì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé, ó jágbe mọ́ Dorcas ìyàwó rẹ̀ pé ọṣẹ ló kù lára ife. Bí orí bá ń fọ́ ọ, a lo oògùn, a sì tún ṣí fáìlì. Dorcas ń wò ó. Ó ní ṣe ló dà bíi pé nǹkan kan ń tọ ọkọ òun lẹ́yìn.

Akínwùmí ará Ìjàn ló jókòó tì í ní ọ́fíìsì. Ní ọ̀sán Tọ́sìdeè kan, Akínwùmí gbé orí lé fáìlì. Wọ́n rò pé ó ń tòògbé. Ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án, ó ti tutù. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, ẹlòmíràn ti wà lórí àga rẹ̀, rúlà Akínwùmí ló sì fi ń fa ìlà.

Babáfẹ́mi wo rúlà náà títí. Ọjọ́ yẹn, bí iṣẹ́ ti parí ló wọ mọ́tò, ó di ṣọ́ọ̀bù Jeremiah.

Wọ́n tẹ́ ọpọ́n. Ó kó ọmọ ayò mẹ́rin, ó fẹ́ máa fi wọ́n sílé lórí ọpọ́n, méjì já bọ́ sílẹ̀. Jeremiah rẹ́rìn-ín. Ó tún kó o, ó tún já bọ́. Jeremiah kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Na ọwọ́ méjèèjì síwájú.”

Ó nà wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún rọra ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ Babáfẹ́mi kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n Jeremiah ní Èmùré kí ó tó wó lulẹ̀. Jeremiah pariwo pe Dorcas, wọ́n sì gbé Babáfẹ́mi lọ sí ọsibítù.

Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, béèrè ẹni tó kọ́kọ́ kíyè sí ọwọ́ náà.

“Ẹni tí a jọ ń ta ayò ni, mà,” ni Dorcas dáhùn.

“Ẹ̀jẹ̀ wọn ru gan-an ni. Rọpárọsẹ̀ kékeré ló mú wọn yìí. Ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọn kò bá sinmi, kí wọ́n sì máa ṣeré, ó ń bọ̀.”

Ọwọ́ náà kò padà bọ̀ sípò tán. Babáfẹ́mi gba ìsinmi fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tó sì wọṣẹ́ padà, kò gbé fáìlì wálé mọ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń ta ayò báyìí. Ẹnì kan kọ̀, ó ní kò bófin ayò mu, Jeremiah ní kí onítọ̀hún máa lọ sílé rẹ̀. Nígbà mìíràn, Babáfẹ́mi a dá ayò dúró, a máa wo ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, gbogbo wọn a sì dúró dè é títí yóò fi tún ta. Dorcas máa ń gbé àpótí wá, a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò mọ ayò í ta. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló ń ṣọ́.