Nọ́ńbà Tó Kọ̀ Láti Wálẹ̀

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Mowe, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń béèrè ni, "Ọ̀gá dà?" Èmi obìnrin tí mo di irin gbígbóná mú, tí mò ń fi yọ́ lẹ́ẹ̀dì lójú rẹ̀! Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ọ̀gá ti kú, ìyàwó rẹ̀ ló kù. Ẹnu mi kò dára, mo mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Káfíńtà ni tẹ́lẹ̀ ní Oke-Aro, ará Ọ̀ṣun bíi tèmi. Ó ti fi pákó sílẹ̀, bàálù kékeré tó fi fóòmù gbẹ́ ló fi ń ya fọ́tò ilẹ̀ láti òkè fún àwọn tó ń ta ilẹ̀. Bàálù méjì ló ní. Ọ̀kan ti bọ́ sínú àbàtà n'Ibafo, tòun ti kámẹ́rà, torí bátìrì rẹ̀ tán lókè láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ló bá gbé èkejì wá bá mi.

"Àbúrò," ó ní, "tí èyí bá tún já bọ́, ó parí nìyẹn. Pákó ni mò ń padà sí o, ọjọ́ orí mi ò sì gba pákó mọ́."

Ohun tó fẹ́ rọrùn lẹ́nu. Rìmóòtù ló máa ń pàṣẹ fún bàálù: yà sọ́tùn-ún, gòkè, sọ̀kalẹ̀. Bàálù kì í fèsì. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kó máa fèsì, kó máa sọ iye iná tó kù nínú bátìrì rẹ̀, kí nọ́ńbà náà sì máa hàn lójú rìmóòtù. Mo ní, "Ṣé ìyẹn náà nìyí? Kékeré ni."

Kékeré kọ́. Mo gbé ètò inú rìmóòtù náà sórí láàpútọ́ọ̀pù, mò ń kà á, orí ń fọ́ mi. Rìmóòtù yẹn kì í dákẹ́! Àṣẹ lórí àṣẹ, kò fún bàálù láyè kó mí, ká má tíì sọ pé kó fèsì. Mo ní kó máa sinmi díẹ̀ lẹ́yìn àṣẹ kọ̀ọ̀kan, kó tẹ́tí. Ó sinmi lóòótọ́, bàálù bá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mo dín ìsinmi náà kù, gbígbọ̀n dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ojú rìmóòtù ṣófo. Mi ò mọ̀ bóyá bàálù ni kò sọ̀rọ̀, àbí rìmóòtù ni kò gbọ́, àbí èmi gan-an ni mi ò mọ nǹkan tí mò ń ṣe. Mo yí ibí, mo yí ọ̀hún, n kò rántí èyí tí mo yí mọ́. Gbogbo ẹni tó gbé fóònù wá lọ́sẹ̀ yẹn ni mo jágbe mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nọ́ńbà yọ. Méjìlá! Iye bátìrì tó kún nìyẹn. Mo pariwo débi pé ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ṣọ́ọ̀bù sáré wọlé, ó rò pé iná gbé mi ni.

A lọ dán an wò ní pápá kan n'Ifo. Bàálù fò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nọ́ńbà ò kúrò níbi tó wà. Ó fò fún mẹ́jọ, ibẹ̀ náà ló wà. Ẹ̀gbọ́n ń jó. "Bátìrì yìí mà lágbára o!" Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Bátìrì wo ló ń ṣiṣẹ́ tí kì í rẹ̀ ẹ́? Mo lanu kí n sọ̀rọ̀, ó ti ń súre: "Ọlọ́run á fún ọ ní ọgbọ́n kún ọgbọ́n. Ojú ò ní tì ọ́." Ta ló ń dá irú àdúrà bẹ́ẹ̀ dúró? Mo ṣe àmín, mo sì pa ẹnu mi dé.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé, lórí ilẹ̀ kan lọ́nà Ọbáfẹ́mi. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ó ju bàálù sókè, ó gba orí igbó lọ. Nọ́ńbà jẹ́ méjìlá. Ìṣẹ́jú ń lọ, méjìlá náà ni.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná."

"Kí ló dé? Ṣé o ò rí nọ́ńbà tí ìwọ fúnra rẹ ṣe ni?"

Ìró mọ́tò dákẹ́ lókè. Bàálù forí sọ kùkùté igi, ó fọ́ yángá, kámẹ́rà fọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá. Mo wo rìmóòtù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n: méjìlá. Háà!

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Nígbà tí ojú rìmóòtù ṣófo, mo ti ní kó gbé iye iná inú bátìrì rìmóòtù fúnra rẹ̀ jáde, kí n fi mọ̀ bóyá ojú náà ń ṣiṣẹ́. Kò yọ lọ́jọ́ náà, mo sún síwájú, mo gbàgbé. Òun ló wá yọ lọ́jọ́ tí mo pariwo. Ká ní bátìrì tó bá rìmóòtù wá ló wà nínú rẹ̀ ni, nọ́ńbà rẹ̀ ì bá kéré, ǹ bá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì láàpútọ́ọ̀pù tó ti bàjẹ́ làwa máa ń tú, a ó ṣa èyí tó ṣì dára nínú ikùn rẹ̀, a ó so wọ́n pọ̀ ní mẹ́ta mẹ́ta. Mẹ́ta ni mo so fún bàálù, mẹ́ta náà ni mo so fún rìmóòtù. Rìmóòtù kì í sì jẹ iná bíi bàálù, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ò fi wálẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n jágbe: "Ọkùnrin tó ta bátìrì yẹn fún wa l'Àgbàdo, yóò rí mi lónìí!"

Mo lè dákẹ́. Mo kúnlẹ̀ sínú koríko. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ bá a. Èmi ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Nígbà tá a wà n'Ifo, ṣé o ti mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mo kàn fura ni."

"O fura." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù fóòmù. "Èmi sì ń súre fún ẹ."

Mo ti tún ètò náà ṣe. Mo gbé rìmóòtù lọ sí Oke-Aro, mo fi bátìrì bàálù tan mọ́tò níwájú ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó ní ó dáa, ó sì gbé ayùn rẹ̀ lé pákó. Kò bá mi jà. Ì bá wù mí kó bá mi jà.