Sápálà ní Fẹrakúrúsì

Mo rántí ìgbà tí hẹdimásítà kan ní Ìlọrà sọ fún mi, lójú ìyá mi, pé òun kò ní fi ọmọ òun fún mi àfi tí mo bá lọ wo ohun tí àwọn ará Mẹ́síkò ń jẹ lójú títì, kí n sì padà wá ròyìn rẹ̀ fún òun. Kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe. Ó ti tó ọdún méjì tí òun àti kátíkíìsì ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ti ń jiyàn lórí ìlà kan nínú ìwé jọ́gíráfì àtijọ́, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ojú títì ni àwọn ará Mẹ́síkò ti máa ń jẹun, lórí ìdúró. Kátíkíìsì ní kò sí ọmọlúàbí kan láyé tó ń jẹun lórí ìdúró, pé ẹni tó kọ ìwé náà kò dé ibẹ̀ rí. Hẹdimásítà ní ìwé kì í purọ́. Àwọn méjèèjì kò kí ara wọn dáadáa mọ́, Ìlọrà sì ti pín sí méjì lórí ohun tí ẹnì kankan níbẹ̀ kò fojú rí.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Ọmọ Fìdítì ni mí. Ìyá mi ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó fún àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ àti àwọn tó ń bọ̀ láti ibẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó nínú kíláàsì hẹdimásítà yìí, mi ò sì ṣe ohunkóhun níbẹ̀ tó máa jẹ́ kó rántí mi sí rere. Nígbà tó yá, mo lọ wáṣẹ́ sí Àpápá. Ní àwọn ọdún yẹn, àwọn ọkọ̀ tó ru sìmẹ́ǹtì wá pọ̀ débi pé wọ́n tò sójú omi bí ilé, ọ̀pọ̀ wọn sì ń dúró fún oṣù mélòó kan kí ààyè tó yọ fún wọn láti já ẹrù. Ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ ti àwọn ará Gíríìsì, gbà mí pé kí n máa bá kúùkù wọn bó ọ̀dùnkún òyìnbó, kí n sì máa fọ àwo. Bí mo ṣe gbọ́ pé Mẹ́síkò ni ọkọ̀ náà ń lọ lẹ́yìn tó bá já sìmẹ́ǹtì rẹ̀ tán, mo sáré wá sílé láti tọrọ ọmọbìnrin hẹdimásítà. Tíṣà ni ọmọbìnrin náà ní Áwẹ́ nígbà yẹn, a sì ti ń kọ lẹ́tà síra wa fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé orúkọ ìlú òkèèrè yóò gbé mi níyì lójú bàbá rẹ̀. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Hẹdimásítà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì bi mí bóyá ó dá mi lójú pé Mẹ́síkò ni.

Ó kọ ìbéèrè mọ́kànlá sínú ìwé àjákọ kan fún mi. Ta ló sè é? Ta ló ń jẹ ẹ́? Kí ni wọ́n fi wé e? Ṣé ìdúró ni àbí ìjókòó? Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì, n kò sì gbọdọ̀ jẹ èyí tí wọ́n ń sè fún àlejò. Ojúlówó ni òun ń fẹ́. Nígbà tí a ń padà sílé, ìyá mi bi mí bóyá orí ọkùnrin náà pé. Mo ní ó pé.

Èbúté kan tí wọ́n ń pè ní Fẹrakúrúsì ni ọkọ̀ wa kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mú mi lọ sí ibi tí àwọn atukọ̀ ti ń jẹun, níbi tí wọ́n ti ń kọ orin Amẹ́ríkà, adìẹ díndín àti ọ̀dùnkún ni wọ́n sì gbé síwájú wa. Mo ti ń bó ọ̀dùnkún láti Àpápá, mi ò fẹ́ fojú rí i mọ́. Mo dìde, mo jáde. Ọjọ́ méjì ni mo fi rìn káàkiri ìlú náà pẹ̀lú ìwé àjákọ mi, gbogbo ẹni tí mo bá sì fọwọ́ sí ẹnu mi hàn ni ó ń tọ́ka mi padà sí ilé adìẹ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ro ó pé ẹni tó bá ń ru àpò ní èbúté ló máa mọ oúnjẹ gidi. Mo yan ọ̀kan nínú wọn, géńdé kan tó ní èjìká bí ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́sàn-án, mo tẹ̀ lé e.

Ó wẹ̀yìn, ó rí mi. Ó yára, èmi náà yára. Mo rò pé ebi ló ń pa á. Ó yà sósì, mo yà sósì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, inú mi dùn. Mo ní oúnjẹ tí géńdé lè torí rẹ̀ sáré báyìí, kò lè jẹ́ ti àlejò. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin àgbàlagbà kan tó jókòó ti ìkòkò ńlá lẹ́bàá ògiri, tó sì lọ fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ni mo tó mọ̀ pé èmi ló ń sá fún. Ìyá rẹ̀ ni obìnrin náà.

Obìnrin náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó wo ìwé àjákọ tó wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìkòkò, ó mú ìdì kan tó ń rú èéfín jáde, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Mo tú ewé ara rẹ̀.

Sápálà ni. Àgbàdo tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n wé sínú ewé, tí wọ́n sì sè, irú èyí tí ìyá mi máa ń sè nígbàkígbà tí àgbàdo tuntun bá jáde. Lóòótọ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni tiwọn, wọ́n sì fi ẹran àti ata pupa sí àárín rẹ̀, àmọ́ kò sí bí wọ́n ṣe lè fi sápálà tàn mí jẹ. Ó dùn. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún obìnrin náà pé kí ó fún mi ní òmíràn, nǹkan tó jẹ́ ti ibẹ̀ gan-an. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu nǹkan gbígbóná sínú ife fún mi. Ògì ni, wọ́n fi ṣúgà sí i. Mo tún fọwọ́ ṣàpèjúwe. Ó fún mi ní àgbàdo sísè.

Mo jókòó sétí títì, mo sì fọwọ́ lẹ́rán. Gbogbo àwọn tó ń jẹun yí mi ká ló wà lórí ìdúró, mo sì kọ ìyẹn sílẹ̀, nítorí pé ó kéré tán, ìwé jọ́gíráfì kò purọ́. Géńdé tí mo lé yẹn wá fọwọ́ gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n rò pé àárò ilé ló ń sọ mí. Ilé gan-an ni mo sì ń bínú sí, pé mo fi odidi òkun sẹ́yìn, ó sì tún dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Nígbà tí a dé èbúté kejì, Tampíkò, mo tún fi ìrètí jáde. Ohun kan náà ni. Háhá àgbàdo ni àwọn ẹni wọ̀nyí fi wé tiwọn, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí mo padà dé Ìlọrà, hẹdimásítà ti pe kátíkíìsì àti àwọn tíṣà mẹ́rin sí pálọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ sókè. Mo ní, “Sápálà ni wọ́n ń jẹ, sà. Wọ́n sì ń mu ògì.”

Kátíkíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, bẹ́ẹ̀ ikọ́ kò ṣe é. Hẹdimásítà tẹjú mọ́ mi.

Ó ní, “Mẹ́síkò ni a rán ọ lọ. A kò rán ọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ.”

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìròyìn ti dé Fìdítì pé n kò kúrò ní Àpápá, pé abẹ́ tapólì sìmẹ́ǹtì ni mo sùn sí ní gbogbo oṣù tí mo fi lọ. Hẹdimásítà ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n fi rántí dáadáa. Mo ro ẹjọ́ fún ìyá mi. Ọsàn ló ń bó, kò gbójú sókè. Ó ní, “Ṣé sápálà wa kò tó ohun tí ará òkèèrè lè jẹ ni?”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ irọ́ nìyẹn. Mo po èlùbọ́ láfún mọ́ ẹyin, mo dín in pẹlẹbẹ bí etí erin, mo ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Mo fi sadíìnì inú agolo sáàárín rẹ̀, mo fi ẹ̀pà lílọ̀ sí i, mo fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí kò tíì pọ́n tán sí i, mo sì gún ata rodo lé e lórí láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ń wá orúkọ tí mo máa sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo rántí nínú èdè wọn ni èyí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà sára àtẹ̀gùn èbúté. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo pe oúnjẹ náà ní kuidádò.

Hẹdimásítà ní kí gbogbo wa dìde jẹ ẹ́. Kátíkíìsì náà dìde, ìyẹn nìkan sì ti tó fún hẹdimásítà. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n làágùn, omi ń bọ́ lójú wọn. Hẹdimásítà lá ọwọ́ rẹ̀ tán. Ó wá ní, “Èyí gan-an ni.” Kí oṣù náà tó parí, àwọn ìyàwó tíṣà ti ń dín kuidádò fún ìkórè, obìnrin kan ti ń tà á lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ará Akínmọ̀ọ́rìn kan sì gun kẹ̀kẹ́ wá bi mí bóyá Mẹ́síkò fọwọ́ sí i kí ènìyàn fi edé rọ́pò sadíìnì. Mo ní wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Tampíkò.

Ọjọ́ tí àwọn ẹbí wa lọ mọ ẹbí ọmọbìnrin náà ni ọ̀rọ̀ fẹ́ bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì òyìnbó kan tó ti dàgbà, tó máa ń wá wo àwọn ọmọ ilé-ìwé, wà ní Ìlọrà lọ́jọ́ náà, hẹdimásítà sì pè é wá jẹun. Obìnrin náà gbọ́ Yorùbá bí ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n gbé kuidádò fún un, hẹdimásítà sì fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé pé oúnjẹ ojú títì Mẹ́síkò ni. Inú nọ́ọ̀sì dùn. Ó ní ọdún márùn-ún ni òun fi ṣiṣẹ́ ní Fẹrakúrúsì kí wọ́n tó gbé òun wá síbí.

Ó jẹ ẹ́, ó mu omi, ó tún mu omi. Ó ní òun kò rí i rí. Ó bèèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un. Ó ní, “Kuidádò? Lédè wọn, ‘ẹ ṣọ́ra’ nìyẹn.”

Hẹdimásítà mi orí. Ó ní, “Torí ata rẹ̀ ni, mà.”

Ìyá mi, tí kò mọ ohun tó ń lọ, ti gbé sápálà wá láti Fìdítì nítorí pé àgbàdo tuntun ti jáde. Nọ́ọ̀sì rí i, ó tú ọ̀kan, ó sì tọ́ ọ wò. Ó ní ohun tí òun ń jẹ ní Fẹrakúrúsì láràárọ̀ nìyí, pé tamáàlì ni wọ́n ń pè é, pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá a. Ó jẹ mẹ́ta, ó sì di méjì sínú báàgì rẹ̀.

Lẹ́yìn tó lọ, hẹdimásítà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún wa pé kí a má ka ọ̀rọ̀ màmá náà sí, ọjọ́ orí ti ń dé, oòrùn ilẹ̀ wa kò sì dára fún wọn. N kò lè fara dà á mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn ẹbí méjèèjì, mo ní irọ́ ni mo pa, èmi ni mo dá kuidádò sílẹ̀ ní ilé ìdáná ìyá mi.

Hẹdimásítà wò mí títí. Ó ní, “Ìwọ? Mo ní kí o kọ àròkọ nípa ìsinmi rẹ, ìlà mẹ́ta lo kọ. Ọpọlọ tó lè ro kuidádò kò sí lórí rẹ. Dìde, ọmọ mi, ìtìjú ló ń bá ọ jà.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún mi ní ìyàwó.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà ń sìn wá lọ wọkọ̀, ó fà mí sẹ́yìn díẹ̀. Ó ní, “Sápálà ni, àbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní, “Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, inú ń bí yín. Tí ẹ bá fẹ́ purọ́ ni, ẹ ò ní yan èyí tó ń dùn yín.”

Ọdún tí a lò pọ̀ lé ní ọgbọ̀n. Bàbá rẹ̀ kú pẹ̀lú ìdánilójú rẹ̀, àwọn ọmọ wa náà ń dín kuidádò fún àwọn ọmọ tiwọn, wọ́n sì máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé bàbá àwọn ló gbé e dé láti Mẹ́síkò. Mo ti sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí náà. Tí mo bá jókòó nìkan báyìí tí mo ń ro ìrìn àjò yẹn, mo máa ń rí obìnrin kan tó ń dín kuidádò lẹ́bàá ògiri ní Fẹrakúrúsì, mo sì máa ń gbọ́ òórùn sadíìnì. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ báyẹn, òun ló máa ń fọwọ́ kàn mí lórúnkún, táá ní, “Sápálà ni.” Ó di ọdún kẹrin tó ti lọ. Kò sí ẹni tó ń dá mi padà mọ́.