Ẹsẹ̀ Tó Kú, Tí Ò Tètè Jí

Ìwọ tó ń ka èyí, báwo lo ṣe jókòó? Tó o bá gbé ẹsẹ̀ kan gorí èkejì bí olówó, jọ̀ọ́, sọ ọ́ kalẹ̀ ká tó máa bọ́rọ̀ lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni. Iṣẹ́ mi nílé wa n'Ìbàfò ò ju kí n jẹun, kí n tẹ fóònù. Ni Mọ́mì bá kó mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ifọ̀, ìyá tó bí Dádì, kí n lọ bá wọn bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gàrí. Mo fọ́nnu pé màá bó ju gbogbo obìnrin ibẹ̀ lọ. Àwọn jókòó sórí àpótí. Èmi akọni, mo lóṣòó. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, mi ò dìde, mi ò sì bó nǹkan gidi kan.

Ìgbà tí mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ òsì mi ti kú. Ẹsẹ̀ ta ni kì í kú? Mo nà án, mo gbọ̀n ọ́n. Kò jí. Bí mo ṣe ń rìn, ọmọ ìka ń wọ́lẹ̀, sílípáàsì ń bọ́. Kò dùn mí rárá, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

"Ijó wo lo tún ń jó yìí?" ni Ìyá Ifọ̀ wí. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí mo ṣì ń wọ́ ọ, wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Wọ́n dá mi padà sílé, Mọ́mì sì ní ẹnì kan ló gbé nǹkan sílẹ̀ tí mo lọ tẹ̀. La bá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lórí ìkúnlẹ̀. Mo fìdí lé gìgísẹ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó jí ẹsẹ̀ tí èmi fúnra mi jókòó lé. Ó wá ń burú sí i.

Dádì ló ní ó tó, ká lọ sí ọsibítù ní Mówè. Níbi tá a ti ń dúró, mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé apá àga, mo sùn lọ. Kí wọ́n tó pè wá, ìka ọwọ́ mi méjì ti kú. Mi ò lè ṣàwàdà mọ́. Ṣé bí mi ò ṣe ní rìn dáadáa mọ́ láyé mi nìyí?

Dókítà, obìnrin oníjẹ̀lẹ́ńkẹ́ kan, yíjú sí Dádì. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ò ṣe yín báyìí rí?"

Dádì họ orí. "Ọwọ́ ọ̀tún mi kú nígbà kan. Mo sùn lé e lórí àga. Ó pẹ́ kó tó lè di síbí mú. Mo rò pé ará ibi iṣẹ́ mi kan ló ṣe é."

"Bàbá Tóbi! Ẹ ò sọ fún mi!" ni Mọ́mì ké.

"Tí mo bá sọ, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ èmi àti Dádì, wọ́n fi ránṣẹ́ sókè òkun. Nígbà tí èsì dé, dókítà ṣàlàyé. DNA ni ìwé tí ara fi ń kọ́ ara ẹ̀: ẹ̀dà kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ẹ̀dà kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Nígbà míì, apá kan ìwé náà máa ń já sọnù. Ó lè má ṣe nǹkan kan, ó sì lè dá àìsàn ńlá sílẹ̀; ohun tí wọ́n kọ síbi tó já ló ń pinnu ẹ̀. Tiwa, ibi tó ń kọ́ ara bí wọ́n ṣe ń ṣe awọ tó bo iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ, bíi rọ́bà ara wáyà iná, ló já. Ẹ̀dà Mọ́mì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lára mi, nítorí náà awọ náà ò lágbára. Tí mo bá tẹ iṣan pẹ́, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán ò ní dé ẹsẹ̀.

Mo bi wọ́n bóyá ibẹ̀ náà ni ìṣirò mi sọnù sí. Wọ́n ní rárá, ìyẹn, àfọwọ́fà mi ni.

Kò sí oògùn tó lè dá ohun tó já padà, ó sì lè tún ṣe mí. Ọmọ tí mo bá bí lè jogún ẹ̀, ó sì lè má jogún ẹ̀. Wọ́n fún mi ní ohun tó ń gbé ẹsẹ̀ ró, wọ́n kọ́ mi ní eré ìdárayá, wọ́n ní kí n má lóṣòó mọ́, kí n má kúnlẹ̀ pẹ́, kí n má sì gbé ẹsẹ̀ kan gorí èkejì. Díẹ̀díẹ̀, ìka ọwọ́ mi jí; láàárọ̀ ọjọ́ kan, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi náà gbéra. Mọ́mì sunkún. Èmi náà sunkún, mo ní eruku ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo máa ń jókòó wo ẹsẹ̀ yìí, kí n máa rò ó pé ara tó dín yìí ṣì gbé mi dé ibi tí mo wà. Kí ló tún lè dín lára mi, lára tìẹ náà, tá ò tíì—

"Tóbi! A ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o! Àbí ká fi ẹ́ sílẹ̀?"

Dádì nìyẹn.

"Ẹ dúró, sà! Mò ń sáré bọ̀!"