Ẹ̀bi Tí Bọ̀dá Délé Bá Mi Rù

Bọ̀dá Délé, ó ti wá dìgbà báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í kúrò níbi iṣẹ́ láì dágbére fún ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ lọ láì kí ẹnikẹ́ni.

Onísùúrù ènìyàn, olùkọ́ tí kì í fi àìmọ̀ ẹni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn tí a jọ ṣiṣẹ́ ní Ìbàfò, èmi tí mi ò ju oníwèé mẹ́wàá lọ. Dátábéèsì, ìyẹn àpótí orúkọ inú kọ̀ǹpútà, méjì la ní: ọ̀kan fún ìdánwò, tí orúkọ inú rẹ̀ jẹ́ àwàdà, èkejì fún àwọn aláìsàn gidi. Ojú kan náà ni méjèèjì ní. Ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì kékeré kan tí gbogbo wa jọ ń lò ló ń sọ èyí tí kọ̀ǹpútà máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ máa ń ní, "Ilé méjì tó jọra ni. Kó o tó gbálẹ̀, wo ilé tó o wà." Ẹ ó tún máa yí ká tábìlì wa, ẹ ó máa pa èyí tí a ṣí sílẹ̀ dé, torí ìwọ̀nba èèyàn ni dátábéèsì ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan: "Ẹ tilẹ̀kùn, ẹ̀yin èèyàn yìí. Aláboyún ń dúró níta." Ẹ bẹ ọ̀gá títí pé kí wọ́n fún àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ ní páásíwọ́ọ̀dù tiwa, èyí tí kò ní lè pa nǹkan gidi rẹ́. Ọ̀gá ní páásíwọ́ọ̀dù ti pọ̀ jù.

Nígbà tí a lọ kí ìyàwó yín ní Mọ̀wé, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, "Ṣé Délé tó pa orúkọ aláìsàn rẹ́ yẹn ni?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ eléyìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí orúkọ wọ̀nyẹn parẹ́, ara ọmọ mi gbóná, ó wà lẹ́yìn mi, ó ń ké. Ẹ yí ìlà yẹn sí ti gidi kí ẹ lè tún nǹkan kan ṣe, ẹ sì pè mí: "Ìyá Tofúnmi, ti gidi la wà báyìí o." Mo ní, "Ẹ ṣé sà." Mi ò gbójú sókè. Kò pẹ́ ni mo pàṣẹ kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo orúkọ rẹ́, mo ṣe bí ti ìdánwò la ṣì wà.

Aláboyún kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí bẹ́ǹṣì: "Nọ́ọ̀sì ní òun ò rí mi mọ́. Ṣé mo ti kú ni?" Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Èmi lọ wo ìlà inú fáìlì yẹn: ti gidi ni. Ẹ fi àdàkọ ọjọ́ tó ṣáájú dá púpọ̀ padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti lọ. Ọ̀gá bèèrè ẹni tó ṣe é. Kí n tó lanu, ẹ ní, "Èmi ni sà." Wọ́n lé yín. Níta, mo ń sunkún, ẹ ní, "Panu mọ́. Ọmọ ẹ ò tíì já lẹ́nu ọyàn. Èmi á ríṣẹ́."

Ẹ rí i lóòótọ́, ní Èkó. Láràárọ̀ lẹ ń gba ojú ọ̀nà márosẹ̀, títí táńkà elépo fi ya lù yín. Wọ́n ní àsìkò ló tó. Mo fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, ọkàn mi ò gbà.

Mo dákẹ́ nígbà ayé yín torí iṣẹ́ mi. Ọ̀gá máa ka ìwé yìí lónìí, iṣẹ́ náà sì lè lọ. Ó dáa. Èmi ni mo pa orúkọ wọn rẹ́, kì í ṣe Bọ̀dá Délé. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, ẹ gbórí sókè.

Bọ̀dá mi, ọwọ́ yín mọ́. Ẹ sùn re o.

Ìyá Tofúnmi, Ìbàfò