Kókó Ọyàn Mi àti Àdúrà Tó Tú Àṣírí

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sọ ọ̀rọ̀ ara mi níta. Àmọ́ ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè lónìí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí.

Mo ń wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé wa ní àdúgbò Sabonjida nígbà tí ọwọ́ mi kan nǹkan lọ́yàn òsì. Ó le bí ẹ̀pà, bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́, ó ń yọ̀ sá. Kò dùn mí rárá. Ṣé kí n dúpẹ́ pé kò dùn mí ni, àbí kí n bẹ̀rù nítorí pé kò dùn mí? Mo bi fóònù mi. Fóònù ní ó lè má jẹ́ nǹkan kan, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ìdáhùn wo nìyẹn!

Màmá mi nìkan ni mo sọ fún, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kó má jáde. Wọ́n gbà. Ni wọ́n bá lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Àlùfáà, nítorí àdúrà. Bàbá ò dárúkọ mi o! Ní Àsáláátù ọjọ́ Àìkú, wọ́n kàn ní kí ìjọ ṣe àmín fún ọmọbìnrin wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì, tó ní kókó lọ́yàn. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọbìnrin mélòó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì nínú ìjọ wa? Èmi nìkan!

Kí oòrùn tó wọ̀, àgbàlá wa ti kún. Ẹnì kan ní kí n máa fi òrí gbígbóná ra á. Òmíràn ní bí mo bá ti lọ́kọ, yóò yọ́. Mo bi í pé àwọn tó lọ́kọ ńkọ́, ṣé wọn kì í ní in ni?

"Wò ó, ìwọ àti ìwé rẹ!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi ní tèmi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá Síkírá tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ò dìde. Wọ́n wẹ̀yìn wò, wọ́n fà mí mọ́ra. "Ọmọ mi, tèmi ti wà níbẹ̀ láti ààwẹ̀ èṣí. N ò sọ fún ẹ̀dá kan."

Ìbínú mi kúrò lójú ẹsẹ̀. Mo ní ká jọ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní kí n máa lọ ná. Bí tèmi bá dára, tiwọn náà dára nìyẹn.

"Ìyá, báwo ni ọyàn mi ṣe máa jẹ́rìí fún tiyín?"

Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n má sáré lórí alùpùpù mi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gba ọ̀nà Kalpohin lọ sílé ìwòsàn, wọ́n dì mọ́ mi níbàdí, gbogbo kòtò tá a bọ́ sí ni wọ́n ń ké pe Ọlọ́hun!

Dókítà tó gbà wá, ọ̀dọ́bìnrin ọmọ Dagomba, ẹ̀yà tó ni ìlú tí à ń gbé, bi mí ìgbà tí mo rí i, bóyá ó ń yí padà pẹ̀lú nǹkan oṣù mi, àti bóyá ẹnì kan nílé wa ti ní in rí. Ó fọwọ́ yẹ ọyàn méjèèjì wò, títí dé abíyá. Mo bi í bóyá jẹjẹrẹ ni. Ó ní ìka ò lójú, ẹ̀rọ ló máa wò ó. Wọ́n fi nǹkan tútù kan pa mí láyà, wọ́n ń yí ẹ̀rọ lé e. Lẹ́yìn náà, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kí n má bàa mọ ìrora, wọ́n sì bu bíńtín nínú kókó náà fún àyẹ̀wò.

Ìyá Síkírá ti dàgbà, nítorí náà wọ́n tún fi ẹ̀rọ kan tẹ ọyàn tiwọn pẹlẹbẹ láti ya àwòrán inú rẹ̀. Omi ló wà nínú kókó tiwọn. Dókítà fi abẹ́rẹ́ fà á lójú ẹsẹ̀. Ìyá Síkírá wò ó, wọ́n ní:

"Ṣé omi yìí ló ń gba oorun lójú mi!"

Èmi ní láti dúró ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdúró yẹn le ju abẹ́rẹ́ lọ. Abọ́ tó mọ́ ni mo ń tún fọ̀! Nígbà tí èsì dé, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kókó tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin sábà máa ń ní ni. Kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kí wọ́n tún wò ó. Mo ní kí dókítà tún un sọ. Ó tún un sọ.

Màmá mi ní ṣé mo ti rí i pé àdúrà gbà? N ò mọ bí a ṣe ń wọn ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí àṣírí mi ò bá tú, Ìyá Síkírá ì bá ṣì máa gbé tiwọn pa mọ́.

Ẹ má ṣe fi tèmi ṣòdiwọ̀n tiyín. Bí ọwọ́ yín bá kan nǹkan, ẹ lọ, ẹ sì mú ẹnì kan dání. Ní Àsáláátù tó tẹ̀lé e, Ìyá Síkírá dìde fúnra wọn, wọ́n dárúkọ ara wọn, wọ́n ní ta ló ń bá àwọn lọ ṣàyẹ̀wò nílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Obìnrin mẹ́rin nawọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ kọ́kọ́ sọ fún? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo ń kà á.