Èkúté Inú Ọkọ̀ Nola

Ẹni tó bá ní òun mọ èkúté, tí kò gbé lágbègbè wa lọ́dún tí wọ́n ya bo oko àlìkámà yẹn, irọ́ ló ń pa. Kéèyàn tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, á kọ́kọ́ gbọn èkúté dànù. Inú agolo omi la ń ki ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bọ̀ ká tó lè sùn. Wọ́n ní bí ológbò ò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Ológbò mẹ́ta ló wà nílé tèmi. Wọ́n jẹ èkúté títí ó fi sú wọn, ojú lásán ni wọ́n wá fi ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ.

Èmi ni mò ń gbé lẹ́tà kiri ojú ọ̀nà eléruku tó ti ìgboro wá sáwọn oko wa, ilé Des Tranter sì ni ilé tó kẹ́yìn pátápátá. Àgbà ọkùnrin gígùn kan ni, ẹ̀yìn ẹ̀ ti tẹ̀. Kò dáko mọ́, aládùúgbò ló ń bá a ro ilẹ̀ ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Leanne, ti lọ ń gbé ní ìlú Perth tó jìnnà réré lọ́hùn-ún, inú fóònù ni wọ́n ti ń ríra. Nola ìyàwó ẹ̀ sì wà nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó nígboro, torí àìsàn ìgbàgbé. Ó wá ku òun àti ajá kan tó ti dití. Tí mo bá gbé lẹ́tà dé, ì báà jẹ́ ìwé owó iná lásán, Des á ní kí n jókòó mu tíì. Tí mo bá ní mò ń kánjú, á tún rí nǹkan mìíràn bi mí.

Ọkọ̀ Nola ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọkọ̀ funfun ẹlẹ́yìn gígùn kan ni, látìgbà tí Leanne ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni wọ́n ti rà á. Òun ni Nola fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé, òun ló sì fi ń gbé oúnjẹ lọ bá àwọn tó ń kórè. Nílé ìtọ́jú yẹn, Nola ò mọ ọkọ ẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn á pè é ní dókítà, nígbà mìíràn á pè é ní àlùfáà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí Des bá gbé e jókòó sínú ọkọ̀ náà, kí wọ́n tó kọjá níbi tí wọ́n ń kó àlìkámà jọ sí, Nola á wo ìta lójú fèrèsé, á ní, "Des, rọra sáré." Ohun tí bàbá yìí tìtorí ẹ̀ ń jí láàárọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ mìíràn ò ṣe é. Leanne ti bá a ra tuntun rí, Nola ò sọ nǹkan kan nínú ẹ̀.

Ẹ wá rí i pé tí èkúté bá fi lè jẹ wáyà ọkọ̀ yẹn, ó parí. Mẹkáníìkì ti sọ fún un pé irú wáyà ẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́. Des gbé ọkọ̀ kúrò lábẹ́ àtíbàbà, ó gbé e síta gbangba, níbi tí koríko kankan ò sí. Ó ri korobá omi mọ́lẹ̀ yí i ká, ó fi ẹ̀pà lílọ̀ ra etí wọn, káwọn olójúkòkòrò lè já sí i. Ó sì ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, torí ibi tó bá ṣókùnkùn tó móoru ni èkúté ń tẹ́ ìtẹ́ sí. Àwọn tó ń kọjá lójú títì á rò pé ọkọ̀ ló bà jẹ́, wọ́n á yà wá bèèrè bóyá kí àwọn ran bàbá lọ́wọ́. Kíá ni Des ti gbé omi tíì kaná.

Mo bi í pé, "Des, ṣé èkúté lò ń lé ni, àbí àlejò lò ń dẹ pańpẹ́ fún?"

Ó ní, "Èyí tó bá ti kó sí i ni mo mú."

Ìgbà yẹn ni Leanne fi òróró míńtì ránṣẹ́ láti Perth, èmi ni mo gbé e dé. Wọ́n ní èkúté ò lè gba òórùn ẹ̀ sára. Des rẹ òwú sínú ẹ̀, ó kì í sábẹ́ àga, ó kì í sídìí ẹ́ńjìnnì, ó sì fi nu gbogbo inú ọkọ̀. Lóòótọ́, èkúté sá. Inú bàbá dùn débi pé ó pè mí lórí fóònù láti ròyìn ẹ̀.

Sọ́ńdè dé. Nola wọlé, ó fimú gbóòórùn ibẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ̀ ta lẹ gbé mi sí yìí? Ọkọ mi ń retí mi nílé."

Des ní òun ni ọkọ ẹ̀. Nola bú sẹ́kún, Des bá dá a padà sílé ìtọ́jú.

Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọṣẹ ló fi ń fọ inú ọkọ̀. Ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún atẹ́gùn, ó ní kí ajá máa sùn sínú ẹ̀, ó tẹ́ awọ àgùntàn àtijọ́ sórí àga. Pàbó ló já sí. Òórùn míńtì yẹn ti mu inú ọkọ̀ náà, òórùn tí Nola mọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ní Sọ́ńdè kejì, "sà" náà ni Nola pè é. Inú bí mi sí Leanne, ṣùgbọ́n kí lẹ̀ṣẹ̀ ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn, tó fẹ́ ran bàbá ẹ̀ lọ́wọ́? Nígbà tí mo tún gbé lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ Des, mo bá tíì lórí tábìlì, mi ò bá ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo gbé ẹran àgùntàn sísun lọ fún un, ni ọkọ̀ tèmi bá kú sí àgbàlá ẹ̀. Èkúté ti jẹ wáyà mi. Ọkọ mi ní tó bá di ìrọ̀lẹ́ òun á wá fi okùn fà á. Des bá ní kí n kúkú tẹ̀ lé òun lọ sígboro.

A gbé Nola nílé ìtọ́jú, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Nola di báàgì mọ́ àyà bí ẹni tó wọ ọkọ̀ àjèjì. A kọjá níbi tí wọ́n ń kó àlìkámà jọ sí, kò sọ nǹkan kan. Mò ń wo ọrùn Des láti ẹ̀yìn, mi ò lè wò ó pẹ́. Àfi bí èkúté kan ṣe yọrí láti ihò atẹ́gùn iwájú ọkọ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń nu ojú ẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ mi sókè. Nola wò ó, ó gbé báàgì, ó là á mọ́bẹ̀ gbàà.

Ó ní, "Des! Mo ní kó o yéé da àlìkámà sínú ọkọ̀ mi, o ò gbọ́. Ojú ẹ ti rí i báyìí, àbí?"

Des dá ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ní, "Má bínú, Nola."

"Gbogbo ìgbà lò ń ní má bínú," Nola ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé orúnkún ọkọ ẹ̀. Ká tó padà dé ilé ìtọ́jú, Nola tún ti ń pe Des ní dókítà, ó ń dúpẹ́ pé ó gbé òun jáde.

Nírọ̀lẹ́, bí mo ṣe ń dúró de ọkọ mi, Des gbé gbogbo korobá kúrò, ó da omi inú wọn nù. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó wọ àtíbàbà, ó bu àlìkámà jáde ní ẹ̀kúnwọ́, ó dà á sílẹ̀ níbi tí Nola máa ń gbé ẹsẹ̀ sí.

Mo ní, "Des, wọ́n á jẹ wáyà yẹn tán o."

Ó ní, "Mo mọ̀. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí nìkan ni mò ń wá."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ Nola sílẹ̀ díẹ̀, ó sì wọlé lọ gbé omi tíì kaná.