Ẹni Tó Dúró Lẹ́yìn Abẹ̀ní

Bọ́láńlé Abẹ̀ní, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ Ọ̀pàrà, ọmọ òkè tí kì í ṣí nídìí, adúmáradán tí í rẹ́rìn-ín kó tó fèsì. Èmi ni mo bí i. Òun ló ṣáájú mi lọ.

Ẹ má sọ pé ọ̀fọ̀ ti da orí mi rú. Ìwé mi kò pọ̀, àmọ́ ojú mi ríran, ohun tó sì rí ni mo fẹ́ sọ.

Òkú Abẹ̀ní ṣì wà ní ilé ìgbókùúsí ní ilé ìwòsàn, a ń dúró de àwọn ẹbí tó wà ní Kútọnu. Lọ́sàn-án gangan, Rónkẹ́ ọmọ rẹ̀ gbé fóònù wá bá mi. Fọ́tò tí ìyá rẹ̀ yà kẹ́yìn ni, níbi ìkórè kajú ní Bessé lọ́dún yìí. Rónkẹ́ fẹ́ kọ orúkọ sábẹ́ ojú oníkálukú, kó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.

Èmi ni wọ́n máa ń bi léèrè ẹni tó wà nínú fọ́tò. Kì í ṣe ojú nìkan ni mo fi ń mọ èèyàn. Mo máa ń wo ẹni tó dúró ti ẹni, ọwọ́ ta ló wà lára ọmọ ta. "Èyí tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí, Sàláwà ni. Ìgbà wo ló dúró jìnnà sí àbúrò rẹ̀ rí?" Rónkẹ́ ń kọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá fọwọ́ kan obìnrin kan tó dúró lẹ́yìn Abẹ̀ní. Ojú rẹ̀ ṣú, kò hàn. Àmọ́ ó gbé ọwọ́ òsì lé ọrùn ọmọ mi, ó fi àtàǹpàkò kan ẹ̀yìn etí rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń di ọmọ mi mú báyẹn.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

"Ìyá àgbà! Ẹ̀yin tí ẹ mọ ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò Plateau yìí lórúkọ?"

"Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n!"

Kí ni mo tún ń fi pamọ́? Àṣàkẹ́ ni. Orogún mi. Òun ló pọn Abẹ̀ní dàgbà, ọmọ náà sì fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Kí a tó bí Rónkẹ́ ni mo ti fi ẹ̀sùn irọ́ lé e jáde nílé. Kò pẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù pa á lójú ọ̀nà Parakou. Àwọn jàndámù, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, gbé fọ́tò òkú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi: "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" Ọkọ mi kò sí nílé. Mo wo fọ́tò náà dáadáa, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n sin ín láìlórúkọ. Mo jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì yó.

Rónkẹ́ kọ "A kò mọ̀ ọ́n" sábẹ́ rẹ̀. Lójijì ó yí fóònù sí mi. Abẹ́ ojú tó ṣú yẹn ni "Abẹ̀ní" wà. Abẹ́ ojú ọmọ mi ni "A kò mọ̀ ọ́n" wà.

"Ọwọ́ mi ló ṣì," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó tún un kọ. Àwọn orúkọ náà tún gba ipò ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ gbà mí gbọ́.

Lọ́jọ́ tí a lọ gba òkú, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ṣí aṣọ lójú òkú náà. "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Àṣàkẹ́ ló sùn síbẹ̀. Ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, bó ṣe wà nínú fọ́tò àwọn jàndámù, ọgbẹ́ iwájú orí rẹ̀ ṣì tutù. Rónkẹ́ ṣubú lé e láyà, ó ń ké, "Màmá mi o!" Ìyá rẹ̀ ni òun rí. Èmi nìkan ni mo rí èyí tí mo rí.

Bí mo bá ní mi ò mọ̀ ọ́n, ọmọ mi á di òkú tí kò lórúkọ. Bí mo bá pe Àṣàkẹ́, wọ́n á ní mo ti ya wèrè.

"Abẹ̀ní ni," ni mo wí. "Ọmọ mi ni."

Ètè òkú náà mì. "Ẹ ṣé, ìyáálé mi."

Ọkùnrin náà so orúkọ Abẹ̀ní mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ ibi tí ọmọ mi wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, bóyá ó ń gbọ́.

Bí wọ́n bá fi fọ́tò ẹni tí ẹ mọ̀ hàn yín, ì báà ṣe ọ̀tá yín, ẹ pe orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ pè é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a sin Abẹ̀ní, ní Bessé.